Tẹlifíṣọ̀n, Òjò àti Àwọn Ọmọ Wa Tó Wà Ní Ilé-Ìwé

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé olóṣù-mẹ́ta ní Costain

  Akọ̀wé ti kìlọ̀ fún wa pé kí a má ṣe lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, àwa náà sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó bá gùn jù lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, oorun ni í parí rẹ̀.

Ohun tí ẹ ní kí a wádìí ni èyí: ojú wo ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń wo iṣẹ́ tí tẹlifíṣọ̀n ń ṣe láti la àwọn ènìyàn lóye lórí àyípadà ojú ọjọ́? A mọ̀ pé àwọn kan láàrin wa ti ń bi ara wọn léèrè pé kí ló kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kàn wá nípa ti owó. Nígbà tí omi bá wọ ṣọ́ọ̀bù ọmọ ẹgbẹ́ kan, tí ó ba báàlì aṣọ tàbí àpò sìmẹ́ǹtì tí ó fi owó ẹ̀yáwó rà jẹ́, gbèsè náà kì í bá omi lọ. Ó wà lórí ìwé síbẹ̀. Bí ẹni náà kò bá rí i san, àwọn onídùúró rẹ̀ ni a óò dì mú, àwọn náà yóò bínú, ìpàdé yóò sì dàrú. Ẹni tí kò bá tíì ṣe onídùúró fún ẹni tí omi ṣe lọ́ṣẹ́ rí nínú gbọ̀ngàn yìí, kí ó nawọ́ sókè kí a rí i.

Ẹ wo ibi tí a wà. Orúkọ ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń kọ́ afárá àti ọ̀nà ni àdúgbò wa yìí ń jẹ́. Ilẹ̀ àbàtà ni ọ̀kánkán wa ní Ìgànmú kí ìjọba tó kọ́ Tíátà Orílẹ̀-èdè síbẹ̀, èyí tí wọ́n ṣí ní 1976 nítorí FESTAC ọdún 1977, tí wọ́n sì fi sọrí Wọlé Ṣóyínká ní 2024. Ọkọ̀ ojú irin tó ń lo iná mànàmáná ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láti 2023. Ohun ẹ̀yẹ gbogbo ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò gbàgbé ohun tó ti jẹ́ tẹ́lẹ̀. Omi tó bá ti òkè ilẹ̀ ṣàn wá ń wá ọ̀nà gba ọ̀dọ̀ wa kọjá kó tó dé ọ̀sà, bí ọ̀sà bá sì ti kún, omi náà yóò jókòó tì wá ni.

Kí a tó dé orí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí a ń pè ní àyípadà ojú ọjọ́ bí a ṣe lóye rẹ̀. Epo, èédú àti gáàsì tí gbogbo ayé ti ń sun láti nǹkan bí igba ọdún wá ni èéfín rẹ̀ ń kó jọ sí òfurufú, ó sì dà bí ìgbà tí ènìyàn bo kúbùsù mọ́ra ní ọ̀gbẹlẹ̀. Ooru oòrùn ń wọlé, kò sì rọrùn fún un láti jáde mọ́. Ọdún 2024 ni ó gbóná jù lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ wọn ooru gbogbo ayé. Afẹ́fẹ́ tó bá gbóná a máa gba omi púpọ̀ sára ju èyí tó tutù lọ, nítorí náà nígbà tí òjò bá máa rọ̀, ó lè rọ òjò ọjọ́ mẹ́ta ní ọ̀sán kan. Yìnyín ilẹ̀ òtútù ń yọ́, omi òkun ń gbóná, ó sì ń wú. Láti nǹkan bí 1900 títí di ìsinsìnyí, ojú òkun ti ga sí i tó ìwọ̀n pẹ́ńsùlù kan tí kò tíì gbẹ́ rí. Pẹ́ńsùlù kan kò jọ ohun bàbàrà lójú ẹni tó ń gbé orí òkè, ṣùgbọ́n ẹni tí gọ́tà rẹ̀ fi pẹ́ńsùlù kan ga ju ọ̀sà lọ mọ ohun tí a ń wí.

A pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó. Ọmọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n, àwọn kan láti Yaba Tech, àwọn kan láti Yunifásítì Èkó ní Akọ́ká, àwọn tó kù ṣì wà ní ilé-ìwé girama. Wọn kò pọ̀ débi tí a óò fi máa ka iye wọn bí ẹni ka ìbò, a kò sì wá síbí láti sọ pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Èkó ló rò bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni a gbé wá.

Èkíní, wọ́n gbà pé tẹlifíṣọ̀n ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí di ohun tí ojú rí. Inú ìwé ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ohun tí a ń há sórí de ìdánwò. Èyí tó dàgbà nínú wọn rántí ọdún 2012, nígbà tí odò Ọya àti Bẹ́núé kún, tí ẹ̀mí 363 lọ, tí àwọn tó lé ní mílíọ̀nù méjì sì fi ilé wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún 2022 ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí. Ẹ rántí pé àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún náà láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá. Ilé ni àwọn ọmọ wà. Bí iná bá dé, iwájú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí Lọ́kọ́ja tí omi gba títì mọ́ àwọn ọkọ̀ lọ́wọ́, tí àwọn èrò ń fi ọkọ̀ ojú omi kọjá níbi tí wọ́n ti ń fi bọ́ọ̀sì kọjá tẹ́lẹ̀. Àwọn tó kú ní ọdún náà lé ní 600. Ọmọbìnrin kan nínú wọn sọ fún wa pé láti ìgbà náà ni òun kò ti lè pa tẹlifíṣọ̀n nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Ìwé kan kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n yin tẹlifíṣọ̀n tán ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ rẹ̀, ẹjọ́ náà sì pọ̀ ju ìyìn lọ.

Wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n máa ń dé lẹ́yìn tí omi bá ti dé. Ó ń fi ilé tó wó hàn, ó ń fi ìjòyè ìjọba tó wọ bàtà òjò hàn, ó ń fi àpò ìrẹsì tí wọ́n ń pín hàn. Ṣùgbọ́n kí omi tó dé ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń wo ojú ọjọ́, tí wọ́n ń pè ní NiMet, a máa gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdọọdún. Àwọn tó ń wo odò a máa sọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí omi lè bò. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pàápàá ń ṣe tirẹ̀. Nínú rẹ̀ ni a ti lè mọ ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, àti bí yóò ṣe pọ̀ tó. Tẹlifíṣọ̀n a kà á lálẹ́ ọjọ́ kan, ó parí. Àwọn ọmọ bi wá pé bí wọ́n bá lè polówó ọṣẹ kan náà lọ́pọ̀ ìgbà lálẹ́ kan, kí ló dé tí wọn kò lè ka àsọtẹ́lẹ̀ òjò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún? A dá wọn lóhùn pé ọlọ́ṣẹ ń sanwó. Wọ́n ní kí ìjọba náà sanwó. A kò rí èsì fún èyí.

Ẹ̀sùn kejì ni ti èdè. Ẹ̀ka tẹlifíṣọ̀n tó ń sọ̀rọ̀ jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń sọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì tó tún le. Channels, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1995, ti ṣe ètò kan tó dá lórí àyíká, Earthfile ni wọ́n pè é, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní rere. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ta ata ní Oyíǹgbò, tó mọ gọ́tà tó dí àti ẹni tó dí i, kò rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì lọ ṣe ìpàdé gbogbo ayé ní Glasgow tàbí ní Dubai, àwọn ọkùnrin tó wọ kóòtù ni a óò máa rí, tí wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Níbi ìpàdé ti Glasgow ní 2021 ni ààrẹ ilẹ̀ wa nígbà náà ti ṣèlérí pé èéfín wa yóò wálẹ̀ pátápátá tó bá di 2060. Nínú oṣù kan náà ló fọwọ́ sí òfin àyípadà ojú ọjọ́. Mélòó nínú wa ló gbọ́? Rédíò ti ṣe dáradára jù lórí ti èdè, a gbọ́dọ̀ sọ òótọ́. Bond FM àti Radio Lagos ń bá wa sọ ohun tó yé wa.

Ẹ̀sùn kẹta pa wá lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní láti wo ètò tó ń sọ pé èéfín ń ba ayé jẹ́, àfi kí bàbá àwọn kọ́kọ́ fa okùn jẹnẹrétọ̀.

Àwọn mìíràn nínú wọn ní kí a fi ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, pé nǹkan àgbà ni, orí fóònù ni àwọn ti ń wo gbogbo nǹkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi wọ́n pé èwo ni wọ́n gbàgbọ́ jù, ìjà dé láàrin wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ pé lórí fóònù, ẹnikẹ́ni lè gbé àwòrán omi ilẹ̀ Íńdíà wá kó ní Ìjọra ni, ìdílé òun sì ti sá jáde kúrò nílé lóru nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní ìwé àṣẹ, àjọ kan sì ti ń ṣàkóso wọn láti 1992. Ẹni tó bá ní ohun tó lè pàdánù, a máa ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Àwa fara mọ́ ọmọ yìí.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ ti gbóná. Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Yaba Tech sọ pé tẹlifíṣọ̀n ń ṣe wá ní ibi kan: ó ti sọ àyípadà ojú ọjọ́ di àwáwí fún gbogbo ènìyàn. Gọ́tà dí, wọ́n ní ojú ọjọ́ ni. Wọ́n kọ́lé sórí ojú àgbàrá, omi gbé e, wọ́n ní ojú ọjọ́ ni. Àwọn yòókù pariwo mọ́ ọn, ṣùgbọ́n a rò pé ọmọ náà rí ohun kan. Àwa tí a dàgbà díẹ̀ rántí Ògùnpa ní Ìbàdàn, ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, èyí tí wọ́n fi ń kọrin omíyalé títí di òní. Òjò rọ̀ lóòótọ́, ó sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ilé ti fún odò náà lọ́rùn, ìdọ̀tí sì ti dí i lẹ́nu kí òjò náà tó dé. Bákan náà ni ti òjò ọjọ́ 10 oṣù keje 2011 níbí, tó rọ̀ láti òwúrọ̀ tí Èkó fi di odò. Òjò pọ̀, gọ́tà náà sì dí. Ohun méjì ni, wọ́n sì ń ran ara wọn lọ́wọ́. Òjò tó ń bọ̀ yóò máa le sí i, èyí kò sí lọ́wọ́ wa nìkan. Ike àti ọ̀rá tó wà nínú gọ́tà wà lọ́wọ́ wa. Ìjọba Èkó ti fòfin de àwo fọ́ọ̀mù tí a fi ń di oúnjẹ ní oṣù kìíní 2024, wọ́n sì tún fòfin de ike àlòkannù mìíràn ní oṣù keje 2025. Tẹlifíṣọ̀n kéde rẹ̀ dáadáa. Ẹ yọjú wo gọ́tà tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí nígbà tí ẹ bá ń lọ.

Ṣé tẹlifíṣọ̀n lágbára láti yí ìwà padà ṣá? Níbi yìí, àwa àgbà ní ohun tí a lè fi kún ti àwọn ọmọ, nítorí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wa. Ìbàdàn ni tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959, nígbà ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ó dé Èkó ní 1962. Ilé ẹni tó bá ní i ni gbogbo àdúgbò ń pé sí, ẹni tí kò bá ráyè wọlé a máa yọjú lójú fèrèsé. Nígbà tí NTA ti dúró, ọ̀kan nínú ilé-iṣẹ́ wọn wà ní Tẹ̀júoṣó ní Sùúrùlérè, LTV ti ìjọba Jákàńdè sì tẹ̀lé e ní 1980. Láàrin ìgbà náà ni eré kan wà tí wọ́n ń pè ní Cock Crow at Dawn, tí ilé ìfowópamọ́ UBA gbé owó rẹ̀ kalẹ̀, lórí ìdílé kan tó kúrò ní ìgboro lọ dá oko. Kí àwọn ènìyàn lè padà sí iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Gbogbo ilé ló mọ orin rẹ̀. Àwa tí a mọ orin náà ló kún Costain yìí, a kò rí ẹni tó tìtorí rẹ̀ ra ọkọ́.

Ẹ wá fi ìyẹn wé ìmọ́tótó àyíká tí àwọn ológun gbé dé ní àsìkò ogun ìwà àìtọ́, láti 1984 sí 1985. Tẹlifíṣọ̀n ń pariwo rẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ní àárọ̀ Sátidé kan lóṣù, gbogbo àdúgbò ló ń jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti ṣọ́bìrì lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ kò sì gbọdọ̀ rìn. Ìbẹ̀rù sójà wà níbẹ̀, a kò ní purọ́, a kò sì fẹ́ kí irú rẹ̀ padà wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ tó dá lé, ó ní ibi tí ènìyàn ń lọ, ó sì ní aládùúgbò tó ń wò ọ́. Ní 2016 ni Èkó jáwọ́ nínú dídá ọkọ̀ dúró ní ọjọ́ náà, láti ìgbà náà ni olúkúlùkù ti ń ṣe bó ṣe wù ú.

Ìtàn kan tún wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kò mọ̀, inú wa sì dùn láti sọ ọ́ fún wọn. Ní 1988, ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Ítálì rí i nínú ìwé ìròyìn ilẹ̀ náà pé wọ́n ti ń kó àwọn àgbá ìdọ̀tí olóró wá dà sí Koko, ní Bendel ìgbà náà. Wọn kò dákẹ́. Wọ́n kọ lẹ́tà sílé. Àwọn ìwé ìròyìn wa gbé e jáde ní oṣù kẹfà, ariwo náà gba ilẹ̀ kan, ìjọba mú kí wọ́n kó àwọn àgbá náà padà síbi tí wọ́n ti wá, kí ọdún náà tó parí ni wọ́n sì ti gbé àjọ tó ń dáàbò bo àyíká kalẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òjò ni ti Koko, a mọ̀. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ló ka ohun tí àgbà kò lè kà, ní èdè tí àgbà kò gbọ́, tó sì fi ránṣẹ́ sílé.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún gan-an nìyí. Àwọn ọmọ wa ní àwọn yóò máa ka àsọtẹ́lẹ̀ òjò ọdọọdún, ti NiMet àti ti Ìpínlẹ̀ Èkó, wọn yóò sọ ọ́ di Yorùbá ojú ìwé kan, kí ó lè jáde nínú ìwé ìròyìn wa yìí kí oṣù kẹrin tó dé. Wọ́n tún ní kí ẹgbẹ́ ra tẹlifíṣọ̀n kan àti ínfátà sí gbọ̀ngàn, kí a máa pé jọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti wo ètò tó bá jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kí ọ̀kan nínú wọn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ máa túmọ̀ fún àwọn ìyá wa, kí a sì ti ibẹ̀ jáde lọ kó gọ́tà. Láti ọ̀dọ̀ tiwa, a fẹ́ kí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó máa wo àsọtẹ́lẹ̀ náà kí wọ́n tó fi owó ọjà sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún àti ìkẹfà, kí wọ́n sì bi ọmọ ẹgbẹ́ bí ibi tó fẹ́ kó ọjà sí ṣe ga tó.

Àwọn àgbà kan ti sọ lẹ́yìn wa pé owó ẹ̀kọ́ kì í ṣe fún tẹlifíṣọ̀n, pé ìkọ́ni nípa ìwé owó ni a ya á sọ́tọ̀ fún. A bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n nínú ìlànà méje tí àjọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ gbogbo ayé fọwọ́ sí ní 1995, ẹ̀kọ́ àti ìfitónilétí ni ìkarùn-ún, àníyàn fún àdúgbò sì ni ìkeje. Tẹlifíṣọ̀n kò wọ́n wa lójú. Owó ínfátà àti bátìrì rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, akápò sì ní iye tí àwọn oníṣòwò mẹ́ta dá lé e lọ́wọ́. Yóò kà á fún yín kí a tó dìbò.

Òbí tó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tí yóò máa túmọ̀, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí ó tó jáde. Ogún ìṣẹ́jú wa ti pé. Akápò, ó yá, ẹ bọ́ síwájú.